Ìgbà Mẹ́rìndínlógún Lẹ́yìn Orí Ọ̀gá

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta
Ọ̀gá pé oṣù méje lónìí. Àbúrò mi ni Ọ̀gá – kò ní eyín, kò níṣẹ́, gbogbo ilé ló ń sìn ín. Nọ́ọ̀sì ní ó jọ pé kò gbọ́ràn. Wọ́n fún wa ní ogúnjọ́ oṣù yìí kí dókítà etí yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Màmá mi ti káàdì tí wọ́n kọ ọjọ́ náà sí bọ abẹ́ ìrọ̀rí. Mo ṣe bíi nọ́ọ̀sì fún wọn, mo ń fimú sọ̀rọ̀: "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀ o, ẹ fọkàn balẹ̀." Wọn ò rẹ́rìn-ín. Èmi tí wọ́n lé kúrò ní kíláàsì kẹta torí pé mo fi ohùn ọ̀gá ilé ìwé rán gbogbo ọmọ lọ sílé!

Ọjọ́rú, 5
Ìjà ńlá nídìí tábìlì. Bùrọ̀dá mi ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń dán irúgbìn wò. Ọgọ́rùn-ún ni mò ń pè é níbí, torí kò lè sọ gbólóhùn méjì kó má fi "nínú ọgọ́rùn-ún" sí i. Ó ní ká ṣe ìdánwò. Ká kọ́kọ́ gbà pé Ọ̀gá ò gbọ́ nǹkan kan. Ká wá ka iye ìgbà tó bá yíjú sí ariwo. Bí ohun tá a rí bá jẹ́ irú èyí tí èèṣì lásán kì í mú wá tó ìgbà márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ká ju èrò àkọ́kọ́ yẹn nù.

Bàbá àgbà kọ̀. Bàbá Òjò nìyẹn – ogójì ọdún ni wọ́n fi wo ojú ọ̀run fún ìjọba kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní, "Kó o tó kà, kí lo ti mọ̀? Ìdérí ìkòkò já lulẹ̀ lánàá, ọmọ yìí ò ṣẹ́jú pẹ́ẹ́. Ohun tá a ti mọ̀ la fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí tuntun bá dé, a ó sún èrò wa síwájú tàbí sẹ́yìn."

Ọgọ́rùn-ún ní bí olúkúlùkù bá gbé tinú rẹ̀ wá, ta ló máa dá ẹjọ́?

"Márùn-ún tìrẹ yẹn ńkọ́, ṣé ọ̀run ló ti já bọ́?"

Mo fi ohùn àwọn méjèèjì bá ìjà náà lọ nílé ìdáná. Màmá mi rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo yege.

Àbámẹ́ta, 8
Ìdánwò. Ọ̀gá lórí ẹní, èmi lẹ́yìn rẹ̀, Ọgọ́rùn-ún níwájú, ó tẹjú mọ́ Ọ̀gá nìkan, òwú létí rẹ̀ méjèèjì kó má baà mọ ìgbà tí mo pariwo. Mo ń ta ẹyọ owó sókè. Bí àwòrán bá yọ, kí n ṣe ohùn kan. Bí nọ́ńbà bá yọ, kí n panu mọ́. Òun á kọ ọ́ bí Ọ̀gá bá yíjú tàbí kò yí, èmi náà á kọ bí owó ṣe yọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlógún.

Mẹ́tàlá ló bára mu! Ọgọ́rùn-ún ṣírò, ó fò sókè. Ó ní bó bá jẹ́ èèṣì ni, bóyá ẹ̀ẹ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún. Màmá mi gbé Ọ̀gá, wọ́n ń jó, omi ń dà lójú wọn.

Mi ò lè kọ ìyókù.

Àìkú, 9
Ó dáa. Màá kọ ọ́. Nínú mẹ́rin àkọ́kọ́, mẹ́ta ló bàjẹ́. Mo gbó bí ajá – kò yí. Mo ké bí ewúrẹ́ – kò yí. Mo fi ohùn màmá mi pè é – kò yí. Màmá mi sì wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ki etí aṣọ wọn bọnu. Mo bá rọra fẹ́ atẹ́gùn sí Ọ̀gá lọ́rùn. Ó yíjú, ó rẹ́rìn-ín sí mi. Láti ìgbà yẹn, gbogbo ìgbà tí ohùn bá kàn mí, mo ń fẹ́ ẹ. Kò tàsé mọ́.

Àwàdà ni mo fẹ́ pè é. Kì í ṣe àwàdà.

Ọjọ́ Ajé, 10
Ọ̀gá rí mi láàárọ̀, ó na ọrùn sí mi.

Ìṣẹ́gun, 11
Màmá mi ní kò sídìí láti lọ bá dókítà mọ́, ká fi ogúnjọ́ sílẹ̀ fún ọmọ ẹlòmíì. Ọgọ́rùn-ún ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọjọ́bọ̀, 13
Bàbá Òjò ní kí Ọgọ́rùn-ún mú ìwé ìdánwò wá. Wọn ò wo àpapọ̀. Wọ́n fìka tọ́ ọ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n wá bá mi nídìí àwo tí mò ń fọ̀. Wọn ò bínú. Wọ́n ní, "Ìṣirò ẹ̀gbọ́n ẹ ò purọ́. Kì í ṣe èèṣì ló ń mú ọmọ yẹn yíjú. Ṣùgbọ́n ìṣirò yẹn ò sọ pé etí ni. Ohun tó tàsé lẹ́ẹ̀mẹta nínú mẹ́rin, tó wá ṣe déédéé lẹ́ẹ̀méjìlá – mi ò rí òjò bẹ́ẹ̀ rí. Mo sì mọ ẹni tó jókòó lẹ́yìn."

Mo ní ṣé torí pé èmi ni wọn ò ṣe gbà. Wọ́n ní torí pé èmi ni. Wọ́n gba àwo lọ́wọ́ mi, wọ́n ń nù ún. "Ṣùgbọ́n èrò mi kì í ṣe òkúta. Sọ òótọ́ kan, màá sún un."

Ẹtì, 14
Mo sọ fún màmá mi. Wọn ò gbá mi. Wọ́n jókòó nílẹ̀ yàrá, wọ́n ní kí n fẹ́ àwọn lọ́rùn bí mo ṣe fẹ́ ọmọ. Mo fẹ́ wọn. Wọ́n sunkún. Wọ́n ní, "Ó dùn. Abájọ tó fi ń rẹ́rìn-ín." Wọ́n fa káàdì yọ lábẹ́ ìrọ̀rí.

Ọgọ́rùn-ún ní òun lòpònú, òun fi òwú di etí ara òun, òun ò fi di ẹnu mi.

Ọjọ́bọ̀, 20
Ohùn tó bá lọ sókè gan-an nìkan ni Ọ̀gá ń gbọ́, díẹ̀ náà ni. Dókítà ní a tètè wá. Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn wà fún un. Màmá mi di ọwọ́ mi mú títí dé ilé.

Ìṣẹ́gun, 8 oṣù kẹrin
Wọ́n fi ẹ̀rọ sí Ọ̀gá létí lónìí. Dókítà ní kí ẹnì kan nínú wa pè é. Màmá mi tì mí síwájú. Mo padà lọ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, níbi tí èémí mi ò lè dé. Gbogbo ohùn tí mo ti jí gbé látọjọ́ yìí sá mọ́ mi lọ́wọ́. Tèmi ló kù. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ gan-an ni mo pè.

Ọ̀gá fi ìka tó ń mu sílẹ̀. Ó wá mi káàkiri yàrá títí ó fi rí mi.

Bàbá Òjò ní àwọn ti sún èrò àwọn. Ọgọ́rùn-ún ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ò jámọ́ nǹkan kan nínú ìṣirò. Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń fi apá aṣọ nu ojú. Ó ní kí n tún un pè.