Àǹtí Tó Kó Ìkòkò Tútù Wọ Ààrò

Ẹ̀yin Àǹtí,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo gbàdúrà pé kí ara yín le koko, kí ojú yín ríran kedere, kí ẹsẹ̀ yín sì lágbára, nítorí mo fẹ́ kí ẹ ka lẹ́tà yìí tán, mo sì fẹ́ kí ẹ lè rìn dé ibi tí màá ní kí ẹ wá. Èmi náà wà dáadáa. Inú ló ń bí mi, kì í ṣe pé ara mi ò yá.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni ọmọbìnrin tó ń jókòó nítòsí fèrèsé ní kíláàsì ìmọ̀kòkò yín fún Sátidé mẹ́fà, èyí tí ẹ sọ ní Dákẹ́jẹ́ẹ́. Ẹ ní ọwọ́ mi dára, ẹ bi mí pé ta ló kọ́ mi. Mo ní mo kàn ń wo ọwọ́ àwọn èèyàn ni. Irọ́ ni mo pa. Ẹni tó kọ́ yín níṣẹ́ ló kọ́ mi. Èmi ni ọmọ ọ̀gá yín, èyí tí ẹ máa ń fi amọ̀ ṣe irùngbọ̀n fún nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ. Odidi Sátidé mẹ́fà lẹ fi wò mí lójú, ẹ ò dá mi mọ̀! Ẹ kú ojú lílà o.

Kí n sọ òótọ́, mi ò bá ìjà wá. Màmá ò fọwọ́ kan amọ̀ mọ́, mo sì fẹ́ kọ́ ìyókù iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ ẹni tó kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti ní lọ́kàn pé lọ́jọ́ tí a bá parí ni màá sọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́, kí a jọ rẹ́rìn-ín.

Àfi Sátidé kẹta. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì yẹn, tí a jọ wà ní kíláàsì, ń bẹ̀rù pé ìkòkò òun máa fọ́ nínú iná. Ẹ fẹ́ fi í lọ́kàn balẹ̀, lẹ bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ẹ ní nígbà tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ kíkọ́, ẹ̀ ń kánjú lọ síbì kan, ẹ sì kó ìkòkò gbogbo kíláàsì wọ ààrò láìgbé wọn sẹ́rẹ̀kẹ́ wò bóyá wọ́n ṣì tutù, bẹ́ẹ̀ omi inú amọ̀ ló máa ń mú kí ìkòkò bú nínú iná. Gbogbo rẹ̀ ló bú gbàmù. Ẹ ní, “Ọ̀gá mi rò pé òun lòun gbàgbé láti yẹ̀ ẹ́ wò, èmi náà bá panu mọ́!” Ẹ rín títí omi fi bọ́ lójú yín. Amọ̀ tó wà lọ́wọ́ mi, mo fún un títí ó fi gba àárín ìka mi jáde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹnu tí ẹ pa mọ́ ṣe nílé wa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Màmá tú ká lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ò burú. Ṣùgbọ́n Màmá gbà pé ọpọlọ òun ti ń lọ. Bó bá fẹ́ ti ilẹ̀kùn, á pè mí kí n wá wò ó pé òun tì í. Ó lè bi mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta bóyá òun ti pa gáàsì. Kò sì gbàgbé nǹkan kan o! Ó rántí ọjọ́ ìbí gbogbo àwọn tó kọ́ níṣẹ́, títí kan tiyín. Kò kàn gba ara rẹ̀ gbọ́ mọ́ ni.

Mo sáré délé lọ́jọ́ náà, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó fọwọ́ pa mí lórí, ó ní, “O ṣeun, ọmọ mi. Mo mọ̀ pé o fẹ́ tù mí nínú ni.” Ibẹ̀ ni mo ti pinnu pé màá gbẹ̀san.

Ẹ rántí ìkòkò ńlá tí ẹ mọ fún àfihàn, tí òun nìkan fẹ́ wọ ààrò ní Sátidé kẹfà torí pé ó tóbi. Ẹ gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ tì í níṣojú wa, ẹ ní ó ti gbẹ táútáú. Òótọ́ lẹ sọ. Nígbà tí ẹ wọlé lọ gba fóònù, tí àwọn yòókù wà níta níbi tí wọ́n ti ń fọwọ́, mo ki kànìnkànìn tó kún fómi bọ inú rẹ̀, mo fún un sí ìdí rẹ̀ níbi tó nípọn jù, lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo padà síjòókòó mi. Ẹ dé, ẹ gbé e wọ ààrò, ẹ tún ń kọrin.

Nígbà tó bú, gbogbo wa fò sókè. Ẹ dúró gbagidi, ẹ ń bi ara yín pé, “Àbí mi ò yẹ̀ ẹ́ wò ni?” Nọ́ọ̀sì ní ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ní bóyá ti Sátidé tó kọjá ló ń rántí. Mo gbọ́ pé ẹ ti ti kíláàsì pa látìgbà náà, pé ẹ ti lọ rí dókítà. Ó dùn mọ́ mi, Àǹtí. Mi ò ní purọ́ fún yín, ó dùn mọ́ mi dọ́kàn.

Kò sí nǹkan tó ṣe ọpọlọ yín. Èmi ni. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi jẹ́ kí ẹ máa rò ó. Ọdún mọ́kànlá ni Màmá ti ń rò ó. Ó wù mí kí n fi yín sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ẹ ó fi darúgbó, ṣùgbọ́n kò sí ẹnu tí Màmá máa gbà gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí àfi tiyín. Ohun tó ń bí mi jù nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ wá ní Sátidé, agogo mẹ́wàá àárọ̀. Ilé àtijọ́ náà la ṣì wà. Bí ẹ bá fẹ́ gbé lẹ́tà yìí lọ fún ọlọ́pàá, ẹ gbé e lọ, mo ti fọwọ́ sí i. Àmọ́ ọ̀dọ̀ Màmá ni kí ẹ kọ́kọ́ yà.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí di ọjọ́ náà, kó sì fún yín lẹ́nu tí ẹ máa fi sọ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kó ṣe yín bó bá ti tọ́ lójú rẹ̀.

Èmi ni,
Ọmọ ọ̀gá yín.

Mo tún rántí o: Bí ẹ bá dé, ẹ má kúnlẹ̀, ẹ má sì sunkún, torí ẹ̀yin ni Màmá máa wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ lẹ́kún. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún un pé ẹ̀yin lẹ kó ìkòkò wọ ààrò lọ́jọ́ yẹn, pé òun ò gbàgbé ohunkóhun. Ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ní ti ẹ̀bẹ̀, èmi lẹ máa bẹ̀, mi ò sì tíì mọ̀ bóyá màá gbà.