Ìfẹ́-Ọkàn Kẹtàdínlógójì

Ọjọ́ Àìkú, 13 Oṣù Keje

Ọ̀gá Wagdi tún ju ìwé tí wọn ò tíì tẹ̀ kan sórí tábìlì mi. Ìtàn àwọn ọ̀dọ́, ayé ọjọ́ iwájú tó ti bàjẹ́. Irú rẹ̀ kẹfà lọ́dún yìí. "Màdáámù Safinaz, ẹ bá mi kà á. Bó bá dáa, a ó tẹ̀ ẹ́. Bí kò bá dáa, ẹ pa á." Ọ̀gá kì í fẹ́ pa nǹkan fúnra rẹ̀.

Mo ti sọ ọ́ ní Ìlú Òǹtẹ̀, torí wọ́n ń lu òǹtẹ̀ mọ́ àwọn ọmọ lọ́rùn ọwọ́ níbẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 14

Ojú ewé ọgọ́ta. Orí ń fọ́ mi.

Ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìndínlógún. Ọmọkùnrin méjì ń jà lé e lórí. Ìyá ti kú, bàbá ò wúlò. Mo ń pe ọmọbìnrin náà ní Ayé-Ń-Retí-Mi. Ìjọba ńlá tó ń ṣọ́ èémí èèyàn — síbẹ̀ kò sí akọ̀wé kan tó lọ jẹun ọ̀sán tí kò padà! Kò sẹ́ni tó tò sórí ìlà nítorí búrẹ́dì. Ṣé ìlú nìyẹn?

Àkámọ́ wá ńkọ́? Òyìnbó a máa fi lẹ́tà ńlá kọ ohun tó bá fẹ́ kó bani lẹ́rù. Lárúbáwá ò ní lẹ́tà ńlá, ni òǹkọ̀wé wa bá fi àkámọ́ yí gbogbo nǹkan ká: (Ètò), (Ìdánwò), (Ọjọ́). Mọ́kànlá lójú ewé kan. Àwòkọ ìwé òyìnbó pọ́nńbélé.

Ọjọ́bọ̀, 17

Nouran, ọmọ àbúrò mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi, ti jí ojú ewé kó nílé ìdáná. Ọmọ tó ń retí èsì ìdánwò àṣejáde girama, tí oúnjẹ ò lọ lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta — ó jókòó ti ìwé yẹn, ó jẹ abọ́ kọ́ṣárì kan tán láìmọ̀. "Àǹtí, ẹ má gbà á lọ́wọ́ mi o!" Mo ní kí ló rí níbẹ̀. Ó ní kò sí àgbàlagbà kankan níbẹ̀ tó ń sọ fún ọmọ náà pé kó fọkàn balẹ̀.

Mo kọ ìyẹn sínú ìjábọ̀ mi. Mo tún pa á rẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22

Ìjábọ̀ parí. Ibi tí mo ti rí i mú nìyí: ìjọba ní kí ọmọ kọ ohun tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ sílẹ̀, láti orí ìkíní dé ogójì. Ìdánwò kan ṣoṣo ni yóò wá yan èyí tó máa rí gbà títí ayé. Mo kọ ọ́ pé: "Kò sẹ́ni tó máa gba èyí gbọ́ ní Íjíbítì." Inú mi dùn sí gbólóhùn yẹn. Mo fi ránṣẹ́.

Ọjọ́rú, 23

Èsì Nouran jáde. Ìdajì máàkì péré ni kò jẹ́ kó tó ohun tí wọ́n gbà lọ́dún tó kọjá fún iṣẹ́ yíyàwòrán ilé tó fẹ́ kà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26

Èmi àti Nouran níwájú kọ̀ǹpútà, ó ń to ohun tó fẹ́ kà ní yunifásítì sínú fọ́ọ̀mù ìjọba, láti orí ìkíní lọ. "Àǹtí, kí ni kí n fi ṣe ìfẹ́-ọkàn kẹrìndínlógún?"

Raghabat. Ìfẹ́-ọkàn. Orúkọ tí gbogbo Íjíbítì ń pe ohun tí ọmọ bá kọ sínú fọ́ọ̀mù yẹn nìyẹn. Láti kékeré ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀, n ò gbọ́ ohun tí mò ń sọ rí.

Ó ní, "Ẹ̀yin náà ńkọ́, ṣé ẹ ò kọ tiyín nígbà yẹn ni?"

Mo kọ ọ́. Afárá ni mo fẹ́ máa kọ́. Ìkọkànlá ni wọ́n fún mi: ẹ̀kọ́ èdè. Ojú tì mí débi pé mo dìde lọ se tíì tí ẹnikẹ́ni ò béèrè.

Ọjọ́ Àìkú, 27

Mo ní kí Ọ̀gá Wagdi dá ìjábọ̀ mi padà. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Lẹ́tà pé a ò gbà á ti lọ bá òǹkọ̀wé, Màdáámù. Gbólóhùn yín tó dùn yẹn gan-an la fi sí i."

Ọjọ́ Àìkú, 3 Oṣù Kẹjọ

Ìdáhùn ìjọba dé fún Nouran. "A bá ọ yọ̀! O ti rí ìfẹ́-ọkàn rẹ kẹtàdínlógójì gbà." Iṣẹ́ àgbẹ̀, ní Aswan — odindi ọjọ́ kan nínú ọkọ̀ ojú irin.

Nouran ò sunkún. Ó béèrè bí Ìlú Òǹtẹ̀ ṣe parí. Mo ní Ayé-Ń-Retí-Mi dojú ìjọba dé láàárín ọjọ́ mẹ́ta.

"Ọjọ́ mẹ́ta? Irọ́ burúkú." Ó wò mí títí. "Ẹ̀yin ńkọ́, Àǹtí? Látìgbà tí wọ́n ti fún yín ní ìkọkànlá, ṣé ẹ ti bá wọn jà rí?"

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mo ní rárá. Ìwé àwọn tó fẹ́ jà ni mo ń pa.