Ohùn Tó Ń Fọ́ Èèpo Kòkó

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹwàá, ọdún 2025

Jemima, ìyàwó mi, kú ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹfà ọdún yìí. Ikọ́ ló pa á. Dókítà ní èéfín ni — èéfín èèpo kòkó tó ń sun láti fi eérú rẹ̀ se ọṣẹ dúdú láti ìgbà tó ti wọ ilé mi. Irọ́ ni. Ọ̀gbẹ́ni Èéfín ni mo sọ dókítà yẹn.

Mi ò kàwé. Faith, àbíkẹ́yìn mi, ló ń kọ ohun tí mo bá sọ. Mo ti kìlọ̀ fún un, kò gbọdọ̀ tún un ṣe.

Òkìtì èèpo ṣì wà lóko Jemima ní abúlé Atosin. Èmi ni màá sun ún. Èmi ni màá se ọṣẹ náà. Ká wá wo ẹni tí èéfín máa pa.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ keje

A kó èèpo díẹ̀ wálé. Mo dáná. Faith ń kó èèpo sí i, èmi ń koná. Èéfín bo gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Benedict, aládùúgbò wa, yọjú lórí ògiri: "Ìyá Ọlọ́ṣẹ, ẹ kú iṣẹ́ o! Ìró yín dà?" Torí pé iṣẹ́ obìnrin ni ọṣẹ lọ́dọ̀ wa, ọkùnrin kì í dá sí i. Mo ní kó yá mi ní ti ìyàwó rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹwàá

Ọṣẹ ò dì.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlá

Ó ṣì rí bí ẹ̀kọ gbígbóná. Omi eérú ni ò mú tó.

Fúnmilọ́lá, àkọ́bí mi, wá láti Àkúrẹ́ lẹ́yìn ìsìn. Yàrá àyẹ̀wò ló ti ń ṣiṣẹ́. Tí inú bá ń bí mi, Ìyá Àkúrẹ́ ni mò ń pè é. Ó wo ìkòkò, ó wo ojú mi tó pọ́n. "Bàbá, ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ tẹ̀lé màmá ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣé ó fẹ́ sìn mí dé ọ̀nà? Faith rẹ́rìn-ín. Ìyá Àkúrẹ́ ò rẹ́rìn-ín.

Ó ní àwọn ní ẹ̀rọ kan tó ń fi ohùn yọ ohun tó wà nínú èèpo kòkó. Ohùn tí etí ò gbọ́. Láìsí iná. Òkìtì èèpo ìyá rẹ̀ ló fẹ́ kó lọ. Mo ní, ohùn tí etí ò gbọ́, ta ló wá gbọ́ ọ tó fi mọ̀ pé ohùn ni? Ó ní kí n wá wò ó. Màá lọ. Màá sọ ọ́ lójú gbogbo wọn pé irọ́ ni.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Àkúrẹ́. Yàrá funfun, ó tutù. Wọ́n ní kí n fi nǹkan bo etí, mi ò gbà. Wọ́n da èèpo kòkó tí wọ́n ti lọ̀ sínú ife dígí, wọ́n bu omi sí i, wọ́n ki ọ̀pá irin kan bọ̀ ọ́. Ìyá Àkúrẹ́ tẹ nǹkan. Ohùn tí wọ́n ní etí ò gbọ́ — ó ń han bí ìgbà tí wọ́n ń pọ́n àdá! Mo pariwo: "Òpùrọ́! Mo gbọ́ ọ!" Ó ní, "Bàbá, ariwo tó ń ti ara rẹ̀ jáde lẹ gbọ́. Ohùn gan-an ga kọjá etí yín." Ó ní afẹ́fẹ́ tíntìntín ni ohùn náà ń mú wú nínú omi. Bó ṣe ń bẹ́ ló ń ya èèpo.

Omi náà pọ́n níṣojú mi. Kò sí iná níbẹ̀.

Mo bi í bóyá ó lè se ọṣẹ. Ó ní rárá, eérú ló ń se ọṣẹ, kò sì séérú láìsí iná. Ohun tó dára fún awọ ara ni àwọn ń yọ, èyí tí iná ń jó dànù. Wọ́n fẹ́ fi ṣe ìpara.

Kì í ṣe ọṣẹ nìyẹn. Mo ní kí wọ́n gbé mi lọ sílé.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn tó wà ní yàrá yẹn ti ń fọ́ èèpo. Kò sẹ́ni tó wúkọ́. Mo fetí sílẹ̀ dáadáa.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlógún

Òkìtì yẹn ò ní kúrò níbi tó wà. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, èmi àti ẹ̀ ni.

Ọjọ́ Ajé, ogúnjọ́

Mo dáná mìíràn. Mo fi kún eérú. Ọṣẹ dì! Ó dú bíi ti Jemima gẹ́lẹ́. Benedict fi fọwọ́, ó ní, "Ìyá Ọlọ́ṣẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bù díẹ̀ fún mi." Mo rẹ́rìn-ín títí.

Faith ló ń ro ìyókù nínú ìkòkò. Ó wúkọ́. Kì í ṣe ti èéfín tó sá séèyàn lọ́fun — èyí tó ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀, tó ń dúró, tó tún ń bẹ̀rẹ̀. Mo mọ ikọ́ yẹn. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo sùn sí títí tó fi dákẹ́. Mo bi í láti ìgbà wo. Ó ní ó ti ṣe díẹ̀, òun ò fẹ́ kí n bínú.

Faith ní òun ò ní kọ èyí. Kọ ọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlélógún

Fúnmilọ́lá, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀ lónìí. Àbúrò rẹ á ka èyí fún ọ lórí fóònù.

Mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́la. Kó tètè lọ. Tó bá jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Èéfín ló sún mọ́ jù, mú un lọ bẹ́ẹ̀. Má sọ fún dókítà náà pé mo rán ọ.

Èèpo ìyá rẹ di tìrẹ, àti oko náà. Bí àwọn ẹbí mi bá ní obìnrin ni ọ́, ní kí wọ́n wá bá mi nílé.

Ọṣẹ ìyá rẹ parí. Dókítà kọ́ ló parí ẹ̀. Ẹ̀rọ rẹ kọ́. Èmi ni mo bu omi paná láàárọ̀ yìí, ọwọ́ ara mi ni mo fi pa á. O ò sì gbọdọ̀ sọ fún mi láé pé o ti wí bẹ́ẹ̀.

Wá kó èèpo rẹ.