Ara Tó Tutù

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àti àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. A ti tún òrùlé ilé ìdáná ṣe. Orúnkún Màmá náà ti fúyẹ́ díẹ̀.

Fóònù yín ò wọlé, ìdí nìyẹn tí mo fi fi lẹ́tà yìí rán awakọ̀. Ibà ló gbé ọmọbìnrin yín dé ọsibítù. Lánàá, ara rẹ̀ tutù. Màmá gbàgbé orúnkún, ó ń jó, ó ti di ẹrù pé ilé yá lọ́la. Àmọ́ mo yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò ní láàbù wa: kòkòrò ibà inú rẹ̀ pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Dókítà ní ara ní sójà tó ń bá àrùn jà, ó sì ní àwọn tó ń di sójà mú, kí wọ́n má baà wó ilé tí wọ́n ń ṣọ́. Ó ní ó jọ pé àwọn tó ń di sójà mú yìí ló pọ̀ jù báyìí. Ìjà dákẹ́, olè ṣì wà ní yàrá.

Màmá ní, "Ṣé dókítà ló bí i ni?"

Tiyín nìkan ni Màmá ń gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá fóònù ẹlòmíì, kẹ́ ẹ pè é nírọ̀lẹ́ yìí, kó má gbé ọmọ kúrò ní ọsibítù. Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín lọ́hùn-ún.

Mo tú irun ọmọ láàárọ̀. Ẹ mọ̀ pé bí òòyà bá ti kan orí rẹ̀, gbogbo àdúgbò ló máa ń gbọ́. Mo yà á tán, kò pariwo rárá.

Àbúrò yín.