Ẹsẹ Kẹta Ń Dá Mi Dúró

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú àìrí Bàámi. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà bí mo ṣe ń kí yín. Mo kí Ẹ̀gbọ́n Bọ́dé ní Ìkàrẹ́, mo kí gbogbo akọrin ìjọ wa ní Ọ̀kà. Ṣé ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ lórí òkè? Tiwa nílùú òyìnbó níbí, yìnyín ni, ó ń wọ egungun.

Iṣẹ́ ń lọ, a dúpẹ́. Àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú. Bí mo bá ń wẹ̀ wọ́n, mo máa ń rántí pé ọmọ ọlọ́mọ ló wẹ Bàámi nígbà tí wọ́n kú, torí ìwé ìgbélùú kò jẹ́ kí n wálé. Ó dùn mí, Màámi. Ó ṣì ń dùn mí.

Ìgbà tí ẹ ní ẹ fẹ́ kí ọmọ Bàámi kan tẹ dùùrù níbi ìsìn ìrántí wọn, èmi ni mo yára dáhùn, bẹ́ẹ̀ n kò mọ dò yàtọ̀ sí rè! Mo ra kíbọ́ọ̀dù àlòkù, mo ń wo fídíò, mo ń kọ́ ara mi ní orin tí Bàámi fi máa ń parí ìsìn nídìí dùùrù. Mo ṣe bí àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì Ìkàrẹ́: orí kíì dúdú nìkan ni mo ti kọ́ ọ, torí ibẹ̀ ló rọrùn. Mo ní bí ohùn bá ga jù, màá tẹ bọ́tìnnì kíbọ́ọ̀dù tó ń rẹ ohùn sílẹ̀. Àṣé bọ́tìnnì ọ̀hún ti kú kí n tó rà á! Ẹ̀gbọ́n Bọ́dé gbọ́ ọ lórí fóònù, ó ní àwọn ìyá àgbà ò lè gbé ohùn yẹn láéláé. Ni mo bá tún un kọ́ látìbẹ̀rẹ̀ ní ohùn tó rẹlẹ̀.

Ọkàn mi ni kì í jókòó. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, fóònù á dún, tàbí kí èrò ilé gbé mi lọ. Mo wá ń ti fóònù mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, mo ń mú ìlà kan ṣoṣo, ọwọ́ òsì lọ́tọ̀, ọwọ́ ọ̀tún lọ́tọ̀, kí n tó pa wọ́n pọ̀. Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀.

Àmọ́ ẹsẹ kẹta! Ẹ mọ̀ pé ibẹ̀ ni Bàámi máa ń gbé ọwọ́ kúrò lórí dùùrù, kí ìjọ fi ẹnu lásán kọ ọ́. Tí mo bá gbé ọwọ́ tèmi níbí, kò sẹ́ni tó ń kọrin. Yàrá á pa lọ́lọ́, ẹkún á sì gbà mí. Ẹ ní kí n má gbé ọwọ́ kúrò mọ́, kí n ṣáà máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Mo gbìyànjú, n kò lè ṣe é.

Ẹ̀gbọ́n Bọ́dé ní òun á so fóònù mọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́jọ́ ìsìn ìrántí náà, gbogbo ìjọ á gbọ́ mi. Ó tún sọ fún mi pé láti ìgbà tí Bàámi ti lọ, ẹ̀yin fúnra yín kì í kọrin mọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ kàn máa ń jókòó ni. Màámi, ìyẹn ló ń pa mí lẹ́kún jù.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ojú yín ò ní rí ibi mọ́. Ẹ bá mi kí tẹbí tará. Lọ́jọ́ náà, tí mo bá gbé ọwọ́ kúrò, ohùn yín ni màá máa retí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé orin náà.

Èmi ni ọmọ yín,
Fúnmi