Ẹ Má Pa Kọ̀ǹpútà Alhaji

Àṣàkẹ́ ọmọ mi, ọjọ́ kọkàndínlógún rèé tí o ti padà sí Àbújá lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́ Daddy rẹ. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé o ń jẹun? Ọlọ́run tó sìn ọ́ délé kò ní fi ọ́ sílẹ̀, yóò sì fún ọ ní ọkọ tí yóò máa bá ọ di wáyà mú, nítorí bí mo ṣe rí ọ tí o ń rá lábẹ́ tábìlì bí ọmọ ọlọ́dún kan, pẹ̀lú gbogbo ìwé tí o kà, àánú rẹ ṣe mí.

Ara wa le. Wọ́n ti gbé iṣu tuntun wá láti Òjòkú, mo ti fi tìrẹ pamọ́. Ó ku bí oṣù méjì ó lé kí n jáde opó, mi ò tíì fẹsẹ̀ kan ìta.

Iṣẹ́ tí o ṣe fún wa yẹn, tí láptọ́ọ̀pù mi fi ń bá príńtà sọ̀rọ̀, mo dúpẹ́. Èmi ń tẹ̀wé nínú yàrá opó, ìwé ń jáde lára príńtà ní ọ́fíìsì Daddy rẹ níwájú ilé. (Mo ṣì ń pè é ní ọ́fíìsì o, o mọ̀ pé wọn kì í fẹ́ kí a pè é ní ṣọ́ọ̀bù.) Níwọ̀n ìgbà tí kò ti sí wáyà láàárín èmi àti príńtà, tí mo bá fẹ́ rán ìwé lọ, mo máa ń ká kọ́tìnnì, mo sì ń ṣílẹ̀kùn sílẹ̀. Ayọ̀dàmọ́lá tó ń jókòó sí ọ́fíìsì ní kí n yé yọ ara mi lẹ́nu, pé inú ògiri ló ń gbà. Mo ní mo gbọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń jáde nílé wa, a máa ń ṣílẹ̀kùn fún un.

Ohun kan tún ń kọ mí lóminú, mo bá ránṣẹ́ pe Alfa Habeeb. Mo ní opó ni mí, iṣẹ́ ọwọ́ mi sì ń jáde síta lójoojúmọ́, ṣé kì í ṣe èmi ni mo ń jáde yẹn? Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú. Wọ́n ní kí n máa tẹ̀wé mi, pé ìwé ò lọ́kọ, kò sì ṣopó.

Ibi tí mo ti ṣì í rèé. Nígbà tí o fẹ́ wọ kẹ̀kẹ́, o ní a kò gbọdọ̀ pa kọ̀ǹpútà Alhaji lójú ọ̀sán. Mo wo ojú rẹ, ó pọ́n. Mo ní ọmọ yìí kò tíì gbà pé bàbá rẹ̀ ti lọ. Nítorí náà, lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo ní kí Ayọ̀dàmọ́lá pa á, kí ó fi aṣọ funfun bò ó, kí ohun olóògbé sinmi.

Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni Táíyé, ọmọ Pólì, wá gba prójẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ojú ewé mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, tí yóò gbé síwájú àwọn olùkọ́ rẹ̀ láago méjìlá. Mo tẹ̀ ẹ́ lọ, kò jáde. Láptọ́ọ̀pù mi kọ ọ́ síwájú mi pé òun wá Alhaji, òun kò rí i. Àṣàkẹ́, mo fọwọ́ bojú. Mo ní èmi náà ń wá wọn.

Mo tún un tẹ̀, ó di ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Mo ṣí fèrèsé pẹ̀lú. Táíyé ń rìn síwá sẹ́yìn. Bọ̀dá Káyọ̀dé, àbúrò Daddy rẹ, tó ti ń wí pé kí a fi ọ́fíìsì háyà fún oníyìnyín, wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun kò ha ti wí, pé oníṣẹ́ ti lọ, iṣẹ́ náà ti bá a lọ. Ìgbà náà ni mo pè ọ́. O bi mí bóyá kọ̀ǹpútà Daddy wà ní títàn. Mo ní mo ti fi aṣọ funfun bò ó. O wá pe orúkọ mi bí Daddy rẹ ṣe máa ń pè é tí mo bá fiyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

O ní ara kọ̀ǹpútà náà ni príńtà so mọ́, òun ni Alhaji tí láptọ́ọ̀pù mi ń wá. Ayọ̀dàmọ́lá ṣí aṣọ, ó tàn án. Kò pẹ́, príńtà wúkọ́, ìwé bẹ̀rẹ̀ sí jáde. Ẹ̀ẹ̀maràrùn-ún tí mo tẹ̀ ẹ́ ló tẹ̀ jáde, kò gbàgbé ẹyọ kan! Táíyé gbá àkọ́kọ́ mú, ó fò sórí ọ̀kadà. Ó ti pè láti sọ pé òun yege. Bọ̀dá Káyọ̀dé mú ewé kan nínú ìyókù, ó fi ń fẹ́ ara rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ háyà mọ́.

Mo wá mọ̀ pé iṣẹ́ ni o ń sọ lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ẹkún. Àbí méjèèjì ni?

Jọ̀ọ́, fi yíǹkì dúdú ránṣẹ́, àti bébà, o mọ ohun tí mo fi ìyẹn ṣe. Bí owó díẹ̀ bá tẹ̀lé e, mi ò ní lé e padà. Ọlọ́run yóò bá mi tọ́jú rẹ, o kò ní ṣe opó ní kékeré, ọmọ tí o máa bí náà yóò rá lábẹ́ tábìlì nítorí tìrẹ.

Èmi Mummy rẹ ni. Láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kọ̀ǹpútà Daddy rẹ ni a ó kọ́kọ́ máa tàn, mi ò sì ní jẹ́ kí wọ́n pa á títí a ó fi ti ọ́fíìsì.