Òdúndún Tí Omi Àlùwàlá Fẹ́ Pa

Dádì Faridah,

Òdúndún Alhaja kọ́ ló wà lójú fèrèsé o. Òdòdó oníke orí tẹlifíṣọ̀n wa ni mo kì bọ inú ìkòkò yẹn.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé Alhaja fọwọ́ ara wọn gbé òdúndún náà wá láti Ìṣẹ́yìn. Látìgbà tí ewé rẹ̀ ti rọ̀, tó dorí kodò, wọ́n ní èmi ni mò ń fi òùngbẹ pa á. Mo hú u lóru àná, gbòǹgbò ti jẹrà, ó ń rùn. Omi ló pọ̀ jù! Alhaja ò fẹ́ fi omi ṣòfò, wọ́n wá ń da ìṣẹ́kù omi àlùwàlá sí i. Ìrun márùn-ún lóòjọ́, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni bútà ń dé ibẹ̀.

Ta ló máa sọ fún ìyá ọkọ? Èmi kọ́. Mo ti gé ibi tó jẹrà, mo tẹ́ ẹ sórí bébà ní kíṣìnnì kó gbẹ. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Màá gba yanrìn lọ́wọ́ àwọn oníbúlọ́ọ̀kù Abúlé Òkúta, màá tún un gbìn lọ́jọ́ Jímọ̀.

Alhaja ti bomi rin oníke lẹ́yìn àsùbáà. Wọ́n ní ó ti ń jí. Mo ṣe àmín.

Ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín o. Ẹ̀yìn kọ́tìnì ni mo wà nígbà tí ẹ fẹ́ jáde lọ sáré láàárọ̀ yìí. Odindi ife omi kan lẹ dà sí i, ẹ tún ń bẹ̀ ẹ́ pé, "Jọ̀ọ́, má kú mọ́ wa lọ́wọ́."

Ẹ fọkàn balẹ̀. Ìyẹn ò lè kú.

Látífàt